Ẹ má so díìṣì mọ́ òrùlé: bí mo ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú bọ́ọ̀sì láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì, ẹ kú oríire bọ́ọ̀sì. Ẹ ní ẹ ti yọ àga inú rẹ̀, ẹ ti tẹ́ ibùsùn sí i, ẹ̀yin àti màmá fẹ́ máa fi rìn láti Lọ́kọ́ja dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ sì fẹ́ máa rí ìròyìn àti bọ́ọ̀lù wò láìná owó rẹpẹtẹ. Ẹ tún ní ẹnìkan fi díìṣì onídérí hàn yín, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé sórí ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí, tó ń wá sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kan, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà ni wọ́n sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn láti wá. Tó bá dé ilẹ̀ wa, yóò kàn máa yí kiri ni.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ni mo ń ṣe. A lè lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Mọ̀pà, kí a lo ọ̀sẹ̀ kan ní Ìsánlú, inú bọ́ọ̀sì ni èmi àti ọmọkùnrin mi sì ń sùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó mi àti oorun mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ní 2019, mo ní kí wẹ́dà kan jó irin mọ́ òrùlé bọ́ọ̀sì, mo gbé díìṣì sẹ̀ǹtímítà 90 lé e. Ó wù mí nígbà tí mo wò ó. A ò tíì dé Ìsánlú láti Kàbà tí kòtò ojú ọ̀nà fi tú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ibi yòówù kí a dé, èmi ni mò ń gun òrùlé lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, sípánà lọ́wọ́. Bí mo bá sì rí àwòrán tán, tí mo sọ̀kalẹ̀, kí ọmọkùnrin mi kàn fi ẹsẹ̀ kan wọ bọ́ọ̀sì báyìí, àwòrán á dì. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Orí sípíríǹgì ni ọkọ̀ wà. Bí ènìyàn bá wọlé, ó tẹ̀ díẹ̀, díìṣì náà á sì tẹ̀ lé e. Sátẹ́láìtì sì rèé, nǹkan bíi kìlómítà 36,000 ló fi jìn sí wa. Bí díìṣì bá yẹ̀ ní dígírì kan péré nísàlẹ̀ níbí, ibi tó ń wò lókè lọ́hùn-ún ti yẹ̀ ju 600 kìlómítà lọ. Ẹ̀ka máńgòrò kan ní Ìyàrà ló bá wa parí ẹjọ́ náà: ó kọ́ apá tó di LNB (ojú kékeré tó ń gba àwòrán níwájú díìṣì) mú bí a ṣe ń wọ àgbàlá, ó sì ṣẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ni díìṣì mi ń jókòó sí. Mo gba rím ọkọ̀ àlòkù kan, wẹ́dà fi páìpù irin tó gùn bí ìgbọ̀nwọ́ méjì dúró sáàárín rẹ̀, díìṣì sẹ̀ǹtímítà 60 sì wà lórí páìpù náà. Bí a bá dé ibi kan, mo gbé e sílẹ̀, mo gbé òkúta mẹ́ta lé rím kí atẹ́gùn má baà gbé e, ó parí. Wáyà díìṣì tí wọ́n ń pè ní RG6 ni mo lò, ó gùn tó mítà 20. Wáyà yìí ni kẹ́ ẹ má ṣahun sí, torí òun ló jẹ́ kí bọ́ọ̀sì wà lábẹ́ òjìji nígbà tí díìṣì wà nínú oòrùn. Ẹ̀yin àti màmá ò ní í sùn sínú ooru nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tí ìyà ti jẹ mí jù rèé. Ẹ wo ojú ọ̀run kẹ́ ẹ tó pa iná ọkọ̀. Ìhà ìlà-oòrùn ni sátẹ́láìtì Eutelsat tí DStv ń lò wà, ní dígírì 36 ìlà-oòrùn (ipò rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìga rẹ̀). Téèyàn bá dúró ní agbègbè Kàbà, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó yà díẹ̀ sí gúúsù, ìga rẹ̀ lójú ọ̀run sì jẹ́ nǹkan bíi dígírì 54. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ibẹ̀. Ẹ na apá yín tààrà síwájú, kẹ́ ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù kan lójú ọ̀run tó nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, kẹ́ ẹ máa to ìkúùkù lé ara wọn, ọwọ́ ọ̀tún lórí ọwọ́ òsì. Ibi tí ìkúùkù márùn-ún àti ààbọ̀ bá parí sí, ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì wà. Bí ewé bá wà níbẹ̀, ẹ sún díìṣì. Bí ó bá mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀.

Àwọn òkè ilẹ̀ wa máa ń dẹ́rù ba ènìyàn, wọn kì í sì í ṣe ìṣòro. Àfi bí ẹ bá dúró sí ẹsẹ̀ òkè gan-an ló tó lè ga tó bẹ́ẹ̀. Igi ni ọ̀tá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìsánlú, ìgbà mẹ́ta ni mo gbé díìṣì kiri nítorí ògiri ilé kan tó wà níwájú rẹ̀. Mo rò pé ògiri náà ló dí i. Irọ́ ni. Igi irú kan tó ṣíji bò wá látòkè ló dí i. Irú díìṣì tí a ń lò yìí kì í wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. LNB rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí láàárín, nítorí náà ó ń wò ga ju bó ṣe rí lọ, ó tó nǹkan bíi dígírì 20 sí 25. Ẹ ó máa rò pé ògiri ló kọjú sí, orí ògiri ló ń gbà kọjá.

StarTimes onídíìṣì yàtọ̀. Sátẹ́láìtì SES-5 ni tirẹ̀, dígírì 5 ìlà-oòrùn, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí wa gan-an, ìga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 80. Igi ẹ̀gbẹ́ kò ní nǹkan ṣe é, àfi èyí tó bò yín lórí. Òun ni mo bá ẹni tó ń rìn kiri yàn, nítorí a lè san owó ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wà nílé àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ ṣọ́ra lórí ọjà o: dekódà StarTimes ti díìṣì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rìàlì. GOtv náà, ẹ̀rìàlì ló ń lò, ìtòsí òpó wọn ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó ń sun ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ẹ ra dekódà tí kì í béèrè káàdì. Sátẹ́láìtì Astra 2F tó wà ní dígírì 28.2 ìlà-oòrùn ń gbé tẹlifíṣọ̀n Gánà wá láìgbowó. Láti ibi tí DStv wà, ẹ gbé ojú díìṣì sókè bí ìkúùkù kan, kẹ́ ẹ sì yà á díẹ̀ sí gúúsù. Ìyàwó mi fẹ́ràn fíìmù wọn gan-an. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ pàdánù, owó ni wọ́n ń san sí i, ẹ fi sínú ìṣirò.

Ohun kan wà tí ẹni tó tà á fún mi kò sọ, ó sì gba odidi alẹ́ méjì lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí a yí LNB. Bí díìṣì bá tilẹ̀ wo sátẹ́láìtì tààrà, bí LNB kò bá yí bó ṣe yẹ nínú òrùka tó dì í mú, Quality (nọ́ńbà orí tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ bí àwòrán ṣe ń wọlé dáadáa tó) kò ní kúrò ní òdo. Nílẹ̀ wa tó sún mọ́ àárín ayé, yíyí náà kì í ṣe díẹ̀ fún èyí tó wà níhà ìlà-oòrùn. Ó lé ní dígírì 70 fún DStv. Ní ọjọ́ tí mo rí i, mo fi ọ̀dà pupa fa ilà láti ara LNB dé ara òrùka. Mo tún fi ọ̀dà funfun fa ti Astra. Láti ọjọ́ náà, mo kàn ń mú ilà bá ilà ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo so nọ́ọ̀tì mọ́ òwú, mo jẹ́ kí ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Bí òwú àti páìpù kò bá bára wọn gún, mo ki òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rím títí wọn yóò fi gún. Bí páìpù bá wọ́, gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn díìṣì di irọ́. Mo fún nọ́ọ̀tì ìga le sí 54 bó bá jẹ́ DStv ni. Mo rìn tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì kí n tó wo kọ́ńpáàsì inú fóònù, nítorí irin ọkọ̀ máa ń fà á. Lẹ́yìn náà, mo di etí díìṣì mú, mo sún un ní ìwọ̀n ìka kan, mo dúró, mo kà dé márùn-ún, torí dekódà kì í tètè rí i. Ọmọkùnrin mi á wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa ka Quality fún mi. Strength, nọ́ńbà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣe pàtàkì, wáyà lásán lè mú un wá. “Òdo. Òdo. Òdo. Méjìlélógún! Ẹ dúró, bàbá, ẹ dúró níbẹ̀!” Ìgbà yẹn ni mo ń fún nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí ẹ bá fún ẹ̀gbẹ́ kan le tán kẹ́ ẹ tó fún èkejì, yóò fà á kúrò níbẹ̀.

Iná kò le. Ẹ ra tẹlifíṣọ̀n kékeré àti dekódà tí àwọn méjèèjì ń jẹ iná fóòtì 12 (12V), ẹ ò nílò ínfátà. Ẹ má gbé e lé bátìrì ọkọ̀. Bátìrì tiwọn ni kẹ́ ẹ rà fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin àti màmá yóò ti bọ́ọ̀sì láàárọ̀ bí àwa ṣe tì í ní Ẹ̀gbẹ̀. Bátìrì 100Ah gbé wa fún alẹ́ mẹ́ta kí a tó tún gbà á síná.

Òjò ń dí i, díìṣì ńlá lè dín in kù díẹ̀, kò lè mú un kúrò pátápátá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì wa ti sábà máa ń wá, ìhà ibẹ̀ náà sì ni DStv àti Astra wà. Nítorí náà, àwòrán á ti máa já kí ẹ̀kán òjò kan tó kan bọ́ọ̀sì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bẹ́ẹ̀, tí òkè orí yín ṣì mọ́, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn dekódà nítorí àrá, kí màmá sì sáré lọ ká aṣọ tí ẹ sá.