Ọmọ tó kó pọ́ìǹtì jù lọ, ṣé òun ló gbá bọ́ọ̀lù jù lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòròdú níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi pọ́ìǹtì mẹ́ta na àwọn ọmọbìnrin wa nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, 44 sí 41. Ọmọ kan ṣoṣo ló kó 19 nínú 41 yẹn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ ti ń pè mí pé àwọn yòókù ló ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́. Ìwé tí a fi ṣírò eré náà wà lọ́wọ́ mi. Báwo ni kí n ṣe kà á tí màá fi mọ àwọn márùn-ún tó yẹ kí n kọ́kọ́ fi sórí pápá?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ o, Àǹtí. Ẹ má tíì bá bàbá yẹn jiyàn. Ọmọ rẹ̀ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n òpó tí wọ́n kọ pọ́ìǹtì sí kò lè sọ iye ìgbà tó ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, kò sì lè sọ ohun tí ẹgbẹ́ kejì ń ṣe nígbà tí ó wà lórí pápá.

Ìwé eré kan wà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi ní Ìgbógbó. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni, eré keje tí wọ́n fi parí ìdíje NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún náà. Cleveland Cavaliers na Golden State Warriors, 93 sí 89. Draymond Green ti Golden State ló kó pọ́ìǹtì jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, 32. Ó gba rebound 15, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé tó gbá mú; assist rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó gbé fún ẹlòmíràn tí onítọ̀hún sì jù wọlé, jẹ́ 9. Bọ́ọ̀lù 15 ló jù sápẹ̀rẹ̀, 11 wọlé. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n nà.

Ẹ kọ́kọ́ tú pọ́ìǹtì ẹgbẹ́ méjèèjì palẹ̀ kí ẹ tó wo ẹnikẹ́ni. Láti ẹ̀yìn ìlà ọlọ́pọ́ìǹtì mẹ́ta, Golden State ju 41, 15 wọlé, ó di 45. Cleveland ju 25, 6 péré ló wọlé, ó di 18. Golden State ti fi 27 ṣíwájú. Níwájú ìlà, níbi tí bọ́ọ̀lù kan ti jẹ́ pọ́ìǹtì méjì, 27 ni ti Cleveland tó wọlé, 17 ni ti Golden State, Cleveland sì gba ogún padà níbẹ̀. Ó ku méje. Ó wá ku bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù lẹ́yìn fáwùlù, pọ́ìǹtì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: Cleveland ju 25, 21 wọlé; Golden State ju 13, 10 wọlé. Mọ́kànlá ni Cleveland fi jù wọ́n. Ẹ yọ méje kúrò nínú mọ́kànlá, ó ku mẹ́rin. Mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n fi gba ife.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 41 àti 44 yín lálẹ́ òní. Ìdí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń na àwọn ọmọ wa ní agbègbè yìí, ó sì ń dùn mí, torí pé ẹnikẹ́ni kì í dí ọmọ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ wá wo Kevin Love ti Cleveland. Pọ́ìǹtì 9. Ó ju bọ́ọ̀lù 9, 3 ló wọlé. Mẹ́ta tó jù láti ẹ̀yìn ìlà, kò sí èyí tó wọlé. Ẹni tó bá fi ìkánjú ka ìwé náà á ní kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó gba rebound 14, òpó plus-minus rẹ̀ sì jẹ́ +19, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tó wà lórí pápá, Cleveland fi pọ́ìǹtì 19 ju Golden State lọ. Nígbà tó jókòó, Golden State ló fi 15 ju Cleveland.

Èyí ò gba kọ̀ǹpútà, bírò ti tó. Bí ọmọ bá wọlé, ẹ kọ iye tó wà lójú pátákó. Bó bá jáde, ẹ tún un kọ. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó kó pọ́ìǹtì mẹ́rin péré nínú eré tí wọ́n ti nà wá, 49 sí 46. Nígbà tó wọlé, a ní 22, wọ́n ní 25. Nígbà tó jáde, a ti di 36, wọ́n wà ní 31. +8 nìyẹn. Èmi ni mo yọ ọ́, torí mo rò pé kò gbá nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì tí mo ṣí ìwé ni mo tó rántí ohun tó ń ṣe: gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ sókè, á yí ẹ̀yìn sí ọmọ gíga inú ẹgbẹ́ kejì, á ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn tiwa á sì rí bọ́ọ̀lù gbà. Òpó tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi eré kan ṣoṣo dájọ́ o. Ọmọ tó bá ń wọlé pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá lè jẹ nínú èrè wọn. Ẹ kó eré mẹ́rin sí márùn-ún jọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń kọ̀wé máa ta ọ̀rẹ́ wọn lọ́rẹ assist. Ní oṣù Kẹta ọdún 1990, àwọn akọ̀wé Houston Rockets tún fídíò eré kan wò, wọ́n sọ assist Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, di 10 láti 9, kó lè ní mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òpó mẹ́rin nínú eré kan ṣoṣo. Àwọn aláṣẹ NBA ò gbà á. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà, ó ṣe é láìsí àríyànjiyàn: pọ́ìǹtì 18, rebound 16, assist 10, block 11, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kejì jù tó fi ọwọ́ dí.

Ní ti bàbá yẹn, ẹ ka iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ rẹ̀ jù. Bó bá ju 14 tí 8 wọlé, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ wá ọmọ tí kì í sọ bọ́ọ̀lù nù kó máa gbé e fún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlọ́gbọ̀n ló jù kó tó rí 19, ẹ pe bàbá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, kí ẹ fi ìwé hàn án, kí ọmọ má sí níbẹ̀.