Èsì: Ṣé owó ibodè ló fa ọ̀dá owó ọdún 1930?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé òfin owó ibodè tí Ààrẹ Hoover buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 1930 ló ba ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà jẹ́. Rárá o. Ó dá kún un ni.

Ẹ wo ẹyin adìẹ. Amẹ́ríkà gbé owó ibodè dọ́sìnì kan láti sẹ́ńtì 8 sí 10. Kánádà náà gbé tiẹ̀ láti 3 sí 10, ẹyin tí Amẹ́ríkà ń tà fún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó di 1932. Àgbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò gan-an ni ọjà bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ló burú jù. Láàárín 1929 sí 1933, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó wà nílùú Amẹ́ríkà ló pòórá. Nígbà náà, wọ́n so owó orílẹ̀-èdè mọ́ iye góòlù kan pàtó, èèyàn sì lè fi owó gba góòlù. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì já owó tiwọn kúrò lára góòlù ní oṣù kẹsàn-án 1931, góòlù bẹ̀rẹ̀ sí í sá jáde ní Amẹ́ríkà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, báńkì àpapọ̀ ti New York, ọ̀kan lára àwọn báńkì ìjọba tó ń yá àwọn báńkì yòókù lówó, gbé èlé orí owó tó ń yá wọn láti 1.5% sí 3.5% kí góòlù má bàa tán, nígbà tí àwọn báńkì kéékèèké ń wó lọ́tùn-ún lósì! Àṣìṣe ńlá gbáà nìyẹn.

Ní 1934 ni Roosevelt, ààrẹ tó rọ́pò Hoover, gbé iye góòlù láti dọ́là 20.67 sí 35 fún áúnsì kan, ìyẹn ni pé ó dín iye dọ́là kù. Faransé rọ̀ mọ́ góòlù títí di 1936. Nítorí pé kò lè dín iye owó rẹ̀ kù bíi ti Amẹ́ríkà, òfin tó ń dín ọjà òkèèrè kù ló gbára lé.