Ṣé ká jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo pòròpórò oko wa lọ fi ṣe háídrójìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa kó gbogbo pòròpórò àgbàdo tó bá kù lóko wa lẹ́yìn ìkórè, wọ́n fẹ́ fi ṣe háídrójìn, gáàsì tí wọ́n ń lò bí epo. Wọ́n ní kò ní pa àyíká lára rárá. Ṣóòótọ́ ni? Kí ló yẹ ká bi wọ́n ká tó tọwọ́ bọ̀wé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. "Rárá" yẹn ni mi ò gbà. Ìdí ẹ̀rọ tó ń sọ pòròpórò di gáàsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n oko gan-an ni wàhálà ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iná ààrò inú ẹ̀rọ yẹn máa ń tó bíi 800 digírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀ kí pòròpórò má baà jó tán, ńṣe ló máa tú di gáàsì, wọ́n á wá fi ooru omi sí i, háídrójìn á yọ, carbon dioxide, gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná, náà á yọ. Àmọ́ inú afẹ́fẹ́ ni àgbàdo yín ti fa kábọ́ọ̀nù yẹn nígbà tó ń dàgbà, ó kàn padà síbi tó ti wá ni. Àwọn tó ń fi gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ṣe é, kìlò háídrójìn kan máa ń tú carbon dioxide bíi kìlò 9 tàbí 10 síta, kábọ́ọ̀nù tó ti sin sábẹ́ ilẹ̀ látayébáyé nìyẹn. Níbí yìí, pòròpórò yege.

"Gbogbo" tí wọ́n sọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ lọ gbé pòròpórò kan tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ máa rí i pé abẹ́ ẹ̀ tutù, ó dúdú, ekòló wà níbẹ̀, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti gbá mọ́ féfé, ilẹ̀ ẹ̀ á ti le, òjò á sì máa wọ́ ọ lọ. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀, ajílẹ̀ lẹ máa fi dí i, ajílẹ̀ náítrójìn sì máa ń tú nitrous oxide síta, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 250. Témi bá ni, màá fi ìdajì sílẹ̀ ó kéré tán, ibi tí omi ti ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè, wọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ bi wọ́n bí ilé ẹ̀rọ náà ṣe jìn tó, torí ó lé ní kìlò 10 pòròpórò gbígbẹ kí kìlò háídrójìn kan tó jáde, ọkọ̀ ńlá ló máa kó o, epo dísẹ́ẹ̀lì ló sì máa mu. Ẹ tún bi wọ́n nípa omi tí wọ́n fi ń fọ gáàsì. Ọ̀dà wà nínú ẹ̀, phénol, kẹ́míkà olóró kan, wà nínú ẹ̀. Mo ti débi tí wọ́n ń dà á sí kòtò lásán, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn ẹ̀ ò kúrò lára aṣọ mi bọ̀rọ̀. Ibi tí omi yẹn ń lọ àti ìwọ̀n pòròpórò tó máa kù nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.