Imí ẹ̀gà: ìdí igi ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láàbù

Àbúrò tó ní àwo XLD (oúnjẹ láàbù tí a fi ń wá Salmonella) òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dú tán, tó wá gbà pé gbogbo ẹ̀gà Ọbánlá, ọgbà FUTA l'Ákùúrẹ́, ló ní Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, fara balẹ̀ ná. Ìwọ náà lo sọ pé orí ilẹ̀ abẹ́ ọ̀pẹ lo ti ṣa imí. Erùpẹ̀ Àkúrẹ́ lo gbìn yẹn. Proteus, bakitéríà mìíràn, pọ̀ nínú ilẹ̀, òun náà sì máa ń dú láàárín lórí XLD. Gbé e sínú urea, oúnjẹ ìdánwò tó ń yí àwọ̀ padà: tó bá di píǹkì, Proteus ló ṣeé ṣe jù. Salmonella kì í yí i padà.

Náílọ́ọ̀nù tuntun ni kí o tẹ́ sábẹ́ igi. Fi spirit 70% nù ún, jẹ́ kó gbẹ, fi òkúta tẹ igun rẹ̀. Ti ẹ̀gà, àárọ̀ ni, nígbà tí ariwo wọn bá gba orí ọ̀pẹ. Dúró tì í, kí o kó o kó tó gbẹ. Lékèélékèé ti bá màlúù lọ ní tiwọn, ìrọ̀lẹ́ ni kí o tẹ́ ẹ dè wọ́n.

Wo imí náà dáadáa. Funfun bí ẹfun yẹn, ìtọ̀ ni. Èyí tó dúdú ni ìgbẹ́, òun ni tìrẹ. Bu àárín rẹ̀, má kan abẹ́ tó lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù. Bó bá jẹ́ DNA lò ń wá, ethanol 95% ni kí o fi pa á mọ́, kí o sì yẹra fún funfun yẹn gan-an: uric acid inú rẹ̀ máa ń dí PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀ kí a lè rí i) lọ́wọ́, wàá sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tí o fẹ́ gbìn kò gbọdọ̀ rí ethanol o, pípa ló máa pa á.

Imí ẹ̀gà kan kò tó gíráàmù kan, nítorí náà bu 0.1 g sínú 0.9 ml buffered peptone water, omi oúnjẹ tí bakitéríà fi ń sọjí. Kúlà oníyìnyín ni kó gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà. Níbẹ̀, fi í sínú incubator (àpótí tó ń mú un gbóná) ní 37°C fún wákàtí 18. Lẹ́yìn náà, bu 0.1 ml rẹ̀ sínú 10 ml Rappaport, omi oúnjẹ tó ń jẹ́ kí Salmonella borí àwọn yòókù, ní 41.5°C fún wákàtí 24, kó tó kan XLD. Bí iná bá lọ lóru tí incubator tutù, má ka àwo yẹn, tún un gbìn.

Bí àwo MacConkey rẹ, tí a fi ń wá E. coli àtàwọn bakitéríà ìfun mìíràn, bá sì ṣófo, má bara jẹ́. Hóró ni ẹ̀gà ń jẹ jù, irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní E. coli púpọ̀. Lékèélékèé odò ẹran ni kí o máa fura sí.

Òkú ẹyẹ ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. H5N1, fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn ẹyẹ, ti wọ Nàìjíríà láti 2006. Dókítà ẹran ni kí o pè.