Ẹ má wá apànìyàn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ wá

Ẹ kú ìbéèrè yìí o. Ẹ ní ẹ ra Phoenix Wright: Ace Attorney Trilogy, àkójọ géèmù mẹ́ta nípa agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Phoenix, ẹ parí ẹjọ́ kìíní láìsí wàhálà, àmọ́ láti ìgbà tí ẹ ti dé inú ẹjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń jẹ́rìí yẹn lẹ há sí. Adájọ́ ò yéé fìyà jẹ yín. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ọpọlọ yín ni ò gbé e, tàbí kí ẹ kúkú máa wo ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọpọlọ yín pé. Ohun tó ń ṣe yín ló ṣe èmi náà, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ibi tó ti ń ṣe mí.

DS, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti Nintendo, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà apá kìíní tó jáde lọ́dún 2005. Ọdún 2001 ni Capcom, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kọ́kọ́ gbé e jáde ní Japan fún ẹ̀rọ Game Boy Advance, ẹjọ́ mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tó máa dé orí DS ni wọ́n fi ìkarùn-ún kún un. Ẹ lè pariwo “Objection!” (mo takò ó!) sínú DS yẹn dípò kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Mo dán an wò lóru ọjọ́ kan, ni ẹ̀gbọ́n mi bá já wọlé, ó ní ta ni mò ń bá jà. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀rí tí mo tìtorí ẹ̀ pariwo ò tọ̀nà.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ara mi di ọlọ́pàá. Kí n tó dé ìdajì ẹjọ́ kejì, mo ti mọ ẹni tí mo fura sí, gbogbo ohun tó bá sì ti jọ pé ó nà án níka ni mo ń gbé síwájú adájọ́, ẹlẹ́rìí yòówù kó wà níwájú mi. Òkò àbínújù, wọ́n ní kì í pẹyẹ. Adájọ́ á mi orí, àmì kan á lọ nínú márùn-ún tí mo ní (tí wọ́n bá tán, mo ti pàdánù ẹjọ́ nìyẹn), èmi náà á tún ju òmíràn. Inú á wá bí mi sí géèmù, torí ó dá mi lójú pé ẹni tí mo fura sí yẹn gan-an ló ṣiṣẹ́ náà. Òun náà sì ni lóòótọ́! Kò dá ẹnikẹ́ni lójú ní ilé ẹjọ́ yẹn ṣá, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ẹjọ́ kìíní, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti parí ẹ̀. Wọ́n ní Larry Butz, ọ̀rẹ́ Phoenix láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló pa Cindy Stone. Kí ẹ tó ṣe nǹkan kan rárá ni géèmù ti fi ojú ẹni tó pa á hàn yín, àbí ẹ ò rántí? Ta ló pa á kọ́ ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Frank Sahwit wá jẹ́rìí, ó ní aago kan ọ̀sán lòun rí òkú. Ẹ ṣí ìwé àyẹ̀wò òkú, ó ní láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni obìnrin náà kú. Gbólóhùn kan, ìwé kan, wọn ò bára mu. Ó parí. Ẹ ò tíì pè é ní apànìyàn, ẹ ò tíì sọ ìdí tó fi ṣe é, ẹ kàn ní ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ò lè rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ń tún un ṣe. Ó ní tẹlifíṣọ̀n lòun ti gbọ́ pé aago kan ti lù. Iná ò sì sí ní ilé yẹn láti aago méjìlá ọ̀sán títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ó ní rárá, aago orí tábìlì lòun rí. Aago wo? Ère ọkùnrin tó ń ronú ló wà lórí tábìlì, ẹni tó bá kàn wò ó ò lè mọ̀ pé aago ni, àfi tó bá gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tún irọ́ rẹ̀ ṣe ló ń fi gbólóhùn tuntun lé yín lọ́wọ́.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Aago náà fi wákàtí mẹ́ta rẹ̀yìn, wọ́n sì ní kí ẹ fi hàn pé bó ṣe wà náà nìyẹn lọ́jọ́ tí obìnrin náà kú. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni ìdáhùn. Paris ló ti dé lọ́jọ́ tó ṣáájú, wákàtí mẹ́sàn-án ló wà láàárín ibẹ̀ àti ilé rẹ̀, kò sì tíì yí aago padà. Tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù nílé, aago kan òru ló ń lù ní Paris. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ìwé ìrìnnà yẹn ti wà lọ́wọ́ mi o, mo rò pé wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni.

Látìgbà náà ni mo ti ń lo ìwé kékeré kan. Lápá òsì, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ ara mi kọ gbólóhùn ẹlẹ́rìí sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kúkúrú: “rí òkú, aago kan.” Lápá ọ̀tún, mo máa ń kọ orúkọ ẹ̀rí àti ohun kan ṣoṣo tí a lè wọ̀n nínú rẹ̀, bí wákàtí, ọjọ́, ọwọ́ tí wọ́n fi mú un, ibi tó wà. Tí mo bá ti kọ ọ́ báyìí, ojú mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìlà fúnra rẹ̀ láti òsì sọ́tùn-ún. Ẹni tí ò bá fẹ́ kọ̀wé, kó ṣáà ka gbogbo ohun tó wà nínú Court Record, ibi tí géèmù ń kó ẹ̀rí sí, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí adájọ́ bá ti ń wò ó.

Bọ́tìnnì tí mo fojú di jù ni Press, èyí tí ẹ fi ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè síwájú sí i lórí gbólóhùn tó sọ. Mo rò pé àwọn tí ò mọ nǹkan kan ló ń tẹ̀ ẹ́. Nínú apá kìíní yìí, ó ṣọ̀wọ́n kó kó yín sí wàhálà, torí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí gbogbo gbólóhùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó gbé ẹ̀rí kankan jáde. Nígbà míì, irọ́ tí ẹ ń wá ò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí rárá. Ẹ̀yin lẹ máa fún un lọ́rùn títí tó fi máa fi gbólóhùn náà kún un. Tí ẹ bá sì dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, ẹ má sáré fo ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phoenix máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni mo pè é fún ìgbà pípẹ́, àṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta mí lólobó.

Ti ìwádìí ò le. Kò sí aago tó ń lé yín níbẹ̀, ẹ ò sì lè fìdí rẹmi. Ẹ lọ síbi gbogbo, ẹ bi gbogbo èèyàn ní gbogbo ìbéèrè, ẹ fi gbogbo ẹrù yín hàn wọ́n. Tí ọ̀nà bá dí, ó máa ń jẹ́ pé ohun kékeré kan wà nínú yàrá kan tí ẹ ò tíì tẹ̀.

Ẹ tún máa tọ́jú ibi tí ẹ bá dé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí, kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Mo ti ṣe é rí, aago méjì òru, àmì kan ṣoṣo ló kù fún mi, oorun ń kùn mí, mo tẹ bọ́tìnnì. Mo tún ẹjọ́ yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dé apá kejì, kì í ṣe àmì márùn-ún mọ́, ọ̀pá ìlera kan ni, àṣìṣe kan sì lè gé púpọ̀ nínú rẹ̀ ju òmíràn lọ.

Ní ti wíwo ìdáhùn, èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, torí géèmù yìí náà máa ń ṣàṣejù. Ìgbà míì ẹ ti mọ òtítọ́, ẹ̀rí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì lè fi í hàn, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló máa gbà. Bó bá ti di ìgbà kẹta tí adájọ́ mi orí, èmi á wo ìlà kan, kìkì ìlà kan, màá sì pa á dé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ẹ há sí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ní olóògbé fẹ̀jẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó pa á. Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò òkú tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo bó ṣe yá tó kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ẹ gbé e jáde lórí gbólóhùn yẹn gan-an. Kí inú yín má tíì dùn o: Edgeworth, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń bá yín ṣẹjọ́, máa fa ìwé àyẹ̀wò tuntun yọ, èyí tó yàtọ̀ sí tiyín. Kì í ṣe pé ẹ ṣì í. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti fi ìwé tuntun rọ́pò, ẹ tún un kà, kí ẹ pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ nínú ìwé kékeré yín.

Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan máa wá jẹ́rìí, ó máa dàbí ẹni pé kò mọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín rẹ̀ dí yín létí. Orúkọ tó máa pe nǹkan tí wọ́n fi pa olóògbé ni kí ẹ fetí sí. Ẹ ti rí irú nǹkan yẹn rí nínú ẹjọ́ kìíní, ẹ sì mọ ohun tí ẹni tó bá kàn fojú wò ó lásán ò ní pè é.