Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ là ń wọn bíà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń pọn bíà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé wa l'Adátán, ní Abẹ́òkúta níbí. Mo ra ìwọ̀n tí àwọn tó ń ta ògógóró ń lò. Nígbà tí mo tì í bọ inú bíà tó ti dá, òdo ló mú wá, bẹ́ẹ̀ ife méjì rẹ̀ ti tó láti mú èèyàn yó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ju ìwọ̀n náà nù, kí n máa ṣáná sí ọtí náà, pé bó bá ti gbiná, ó lágbára nìyẹn. Ṣé ìwọ̀n mi ti bàjẹ́ ni? Mo fẹ́ máa kọ iye ọtí sára ìgò.

Ìdáhùn: Ìwọ̀n yín ò bàjẹ́. Ohun tí kò mọ̀ lẹ ń bi í. Irú ìbéèrè yìí ti wá pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta ìwọ̀n ògógóró fún apọntí, tí wọ́n á ní, "Ẹ sáà tì í bọ̀ ọ́, ẹ kà á, ó parí." Irọ́ ni. Kò sí ìwọ̀n onígíláàsì tó ń léfòó tí ẹ lè tì bọ inú bíà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì sọ iye ọtí inú rẹ̀ fún yín.

Bí omi ṣe wúwo tó nìkan ni ìwọ̀n yẹn mọ̀. Ṣúgà ń mú omi wúwo, ó ń ti ìwọ̀n sókè. Álíkóhólù, ìyẹn ohun inú ọtí tó ń múni yó, fúyẹ́ ju omi lọ, ó ń jẹ́ kí ìwọ̀n rì. Nínú ògógóró tí wọn ò fi ṣúgà sí, omi àti álíkóhólù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n rẹ̀ fi ń sọ òótọ́ níbẹ̀. Bíà kò rí bẹ́ẹ̀. Yíìsì á jẹ ṣúgà tó lè jẹ, á sọ ọ́ di álíkóhólù, á fi èyí tí kò lè jẹ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á wá jọ wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ti ìwọ̀n sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀. Ó dà bí ìyá tó pọn ọmọ gun orí ìwọ̀n: nọ́ńbà tó jáde kò lè sọ iye tí ọmọ wọ̀n.

Ẹ wò ó báyìí. Lórí haidromítà, ìyẹn ìwọ̀n apọntí tó ń ka 1.000 nínú omi lásán, bíà kan bẹ̀rẹ̀ ní 1.040, ó parí sí 1.010. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní 1.060, òun náà parí sí 1.010. Ẹ wọn méjèèjì lónìí, nọ́ńbà kan náà lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n álíkóhólù inú èkíní kò ju nǹkan bíi 3.9% lọ, nígbà tí èkejì sún mọ́ 6.6%. Ẹni tó bá mu ìgò méjì nínú èkejì, tó rò pé èkíní lòun mu, tó wá gun ọ̀kadà lọ sí Kútọ̀, inú ewu ló wà.

Ní ti iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó dákẹ́. Bíà tó jẹ́ 5% kò ní gbiná láéláé, síbẹ̀ ó ń múni yó. Methanol, májèlé tó máa ń wà nínú ògógóró tí wọ́n lú, ń jó dáadáa. Òun ló pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers ní 2015. Iná kò lè yà á sọ́tọ̀, ìwọ̀n náà kò lè yà á sọ́tọ̀.

Haidromítà apọntí ni kí ẹ rà, èyí tó ń ka 1.000 nínú omi lásán tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ń lọ sókè kọjá 1.100. Ẹ wọn omi ọkà tí ẹ sè lẹ́yìn tó bá ti tutù, kí ẹ tó fi yíìsì sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un wọn nígbà tó bá dá tán, ìyẹn nígbà tí nọ́ńbà kò bá yí padà mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú èkíní, kí ẹ fi 131.25 sọ èyí tó kù di púpọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.050 tó parí sí 1.010, 0.040 ló lọ, ìyẹn 5.25%. Bí ẹ bá fi ṣúgà kún un lẹ́yìn ìwọ̀n àkọ́kọ́, ìṣirò ti dàrú nìyẹn.

Fún 20°C ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ haidromítà, Abẹ́òkúta sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 30°C, yóò fi 0.002 sí 0.003 dín nínú ohun tó yẹ kó kà. Ẹ má dààmú: bí ooru bá dọ́gba nígbà méjèèjì tí ẹ wọ̀n ọ́n, àṣìṣe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa parẹ́ nígbà tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú bíà, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ìwọ̀n, ó ń gbé e sókè. Ẹ máa da bíà láti inú ife kan sínú òmíràn títí tí kò fi ní hó mọ́. Ẹ má sì da èyí tí ẹ wọ̀n padà sínú ìyókù.

Wíwọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ le díẹ̀. A máa ń mu ún nígbà tó ṣì ń hó lọ́wọ́, nítorí náà iye àná kì í ṣe iye òní. Ó tún máa ń kan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbà pé ìfojúdá lẹ ń ṣe. Ẹ má dé ìgò rẹ̀ pa, ó lè bú gbàmù.

Kíkọ iye sára ìgò? Fún ìdílé yín, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú "nǹkan bíi". Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tà á, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC ná, kí iye tí ẹ máa kọ sì ti yàrá àyẹ̀wò wá. Mi ò lè fọwọ́ sí ìwọ̀n orí tábìlì fún ọjà.

Èyí tí ẹ ti pọn sílẹ̀ láìwọ̀n ńkọ́? Ẹ wọn ìdajì lítà rẹ̀ tí kò hó mọ́, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi máa ku ìdajì, kí álíkóhólù inú rẹ̀ lè bá ooru lọ, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ fi omi mímọ́ kún un kó pé ìdajì lítà gẹ́lẹ́, ẹ tún un wọn. Bí nọ́ńbà bá fi 0.007 lọ sókè, ó sún mọ́ 5%. Lórí ọ̀pọ̀ haidromítà, ìlà kan jẹ́ 0.002, èyí sì ti ju 1% lọ, torí náà ẹ kà á pẹ̀lú sùúrù. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó dájú jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bi àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, bóyá wọ́n á bá yín ṣe é, kí ẹ sì béèrè iye owó rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìgò lọ.