Èsì: Kí ló dé tí Deptford Creek fi máa ń rùn lẹ́yìn òjò?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bóyá ẹnì kan ló ń da ìgbẹ́ sínú Deptford Creek, odò kékeré tí omi òkun máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, torí pé ó ń rùn lẹ́yìn òjò. Kì í ṣe ẹnì kan o. Ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbẹ́, látìgbà Bazalgette, ẹnjiníà tó kọ́ páìpù ẹ̀gbin Lọ́ńdọ̀nù, ní bíi ọdún 1860 sókè. Tí òjò ńlá bá rọ̀, páìpù á kún, wọ́n á wá jẹ́ kó ya sódò. Bí kò bá ya sódò, inú ilé yín ló máa gbà yọ!

Ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Thames Tideway, tó gùn tó kìlómítà 25, ti ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀ báyìí. Láti oṣù kejì ọdún 2025 ni gbogbo ẹnu ẹ̀ ti ṣí, ti Greenwich, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Deptford Creek, náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ tó bá ń rùn nígbà tí òjò ò rọ̀ ńkọ́? Ẹrẹ̀ lásán náà máa ń rùn tí omi òkun bá fà. Ẹ wo ẹnu páìpù dáadáa: tẹ́ ẹ bá rí omi aláwọ̀ eérú tó ń hó bí ọṣẹ, tàbí nǹkan yíyọ̀ bí òwú tútù lára òkúta, ó jọ pé púlọ́ńbà kan ló so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ páìpù omi òjò tó dá dúró, tó ń lọ tààrà sódò. Irú iṣẹ́ jákujàku yẹn máa ń bí mi nínú gan-an. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ pe Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká. Ní ti àwọn ọmọ, kí wọ́n má wọ omi yẹn rárá.